Ìgbà Wo Gan-an Ni Àgbàdo Gbẹ Tó? Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ Láàárín Ìwọ̀n Méjì

 

Kò sí ẹni tí ó lè jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ kí ó máa wò ó láìṣẹ́jú. Ẹni tí ń wọn òjò lè wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ kí ó má tún dé ìdí rẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ń sin adìyẹ lè wo ooru inú ilé àwọn òròmọdìyẹ ní ìrọ̀lẹ́, kí oorun sì gbé e lọ di ìdájí. Ẹni tí ń mú àgbàdo gbẹ lè fi mítà wọn omi inú rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń wo nǹkan, ṣùgbọ́n nǹkan tí à ń wò kò dúró dè wá. Òjò ń rọ̀, ooru ń lọ sókè sódò, omi ń fi àgbàdo sílẹ̀, yálà a wà níbẹ̀ tàbí a kò sí níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí a ṣe lè fi ìwọ̀n díẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò wò ó. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pe ìmọ̀ yìí ní interpolation. Nínú ìwé yìí, a ó máa pè é ní ìṣirò àárín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lásán ni. Àpò àgbàdo kan ni ó kọ́ èmi fúnra mi ní ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.

ÀPÒ KAN TÍ Ó SỌNÙ

Ní àkókò kan, àwọn àgbẹ̀ kan tí wọ́n kó ara wọn jọ ra ẹ̀rọ tí ń mú àgbàdo gbẹ, èyí tí ó ń gba tọ́ọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kan. Igi ni wọ́n ń dá sí i, ẹ̀rọ kékeré tí ń mu bẹntiróòlù sì ni ó ń yí fáànù rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn wo iye wákàtí tí ó yẹ kí àgbàdo lò nínú rẹ̀. Àgbàdo tí wọ́n ń kó bọ̀ láti oko ní omi tí ó tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. A sì fẹ́ kí ó jáde pẹ̀lú ìdá 13, nítorí pé bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ni láti dì í sínú àpò pa mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni a fi mítà lé lọ́wọ́ ní òru ọjọ́ kìn-ín-ní. A ní kí ó wọn àgbàdo náà nígbà tí iná bá ràn, kí ó sì máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin títí di wákàtí kejìlá. Nígbà tí mo dé ní òwúrọ̀, ohun tí mo bá nínú ìwé rẹ̀ nìyí. Mo ti yọ àwọn ẹ̀là kéékèèké kúrò kí ìṣirò lè rọrùn fún wa:

Ìbẹ̀rẹ̀: 25
Wákàtí 4: 18
Wákàtí 8: kò sí
Wákàtí 12: 12

Oorun ti gbé ọmọ náà lọ ní wákàtí kẹjọ. N kò bá a wí, nítorí mo gbà pé mo mọ ọ̀nà tí mo lè gbà dí àlàfo náà. Mo mú rúlà, mo fa ìlà tààrà láti orí 18 lọ sí orí 12. Mo ní láàárín wákàtí mẹ́jọ, omi fi 6 dín, èyí tí í ṣe 0.75 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Láti 18 dé 13 jẹ́ 5. Bí a bá sì pín 5 sí 0.75, yóò fún wa ní wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú. Mo fi wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ kún un. Mo wá sọ fún wọn pé, "Ẹ máa yọ igi ní wákàtí mẹ́wàá àti ogójì ìṣẹ́jú." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri.

Ìgbà ogún ni wọ́n da àgbàdo sínú ẹ̀rọ náà ní àkókò ìkórè yẹn, wọn kò sì yẹ̀ kúrò nínú ohun tí mo sọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ìyá àgbàlagbà tí ń tọ́jú ìwé owó wọn ránṣẹ́ pè mí. Ó ti ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó jókòó.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ni ẹ sọ fún wa pé bí a bá da ẹgbẹ̀rún kìló sínú ẹ̀rọ yìí, 862 ni yóò jáde. Ìgbà ogún ni a dà á. Ó yẹ kí n rí 17,240. Èyí tí òṣùwọ̀n fi hàn mí ni 17,140. Ọgọ́rùn-ún kìló kò sí. Kò sí olè nínú wa o. Ibo ni àpò kan gbáko wọlẹ̀ sí?"

Mo dáhùn pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí a wá a."

Ìṣirò tí ìyá náà sọ kò ní àbùkù. Nínú ẹgbẹ̀rún kìló àgbàdo tí ó ní omi 25 nínú ọgọ́rùn-ún, 250 kìló jẹ́ omi, 750 kìló sì jẹ́ àgbàdo gan-an. 750 yìí kì í yí padà. Omi nìkan ni ó ń lọ. Bí omi bá ku 13, 750 náà yóò jẹ́ ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ẹrù yóò sì wọ̀n tó 862 kìló. Ṣùgbọ́n bí omi bá ku 12.5, gbogbo ẹrù náà kò ní ju 857 kìló lọ. Kìló márùn-ún nìyẹn nínú tọ́ọ̀nù kan. Ìgbà ogún tí a ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó di àpò kan.

Àgbàdo díẹ̀ kù tí a kò tíì mú gbẹ. A dà á sínú ẹ̀rọ, mo sì jókòó tì í fúnra mi. Ní wákàtí mẹ́wàá àti ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi rúlà mú, mítà fi 12.5 hàn. Kò sí olè ní tòótọ́. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ni ó gbé àpò náà lọ, èmi ni mo sì ní kí ó máa gbé e. Ẹni tí ń ra àgbàdo ń fi kìló rà á ni. Kò ní san kọ́bọ̀ lé e nítorí pé tiwa gbẹ ju bí ó ti yẹ lọ. Kí a sì tún má gbàgbé igi àti bẹntiróòlù tí ó fi wákàtí kan jó lásán ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

IBI TÍ RÚLÀ TI TÀN MÍ JẸ

Ní ọjọ́ kan náà, mo wọn àgbàdo ní wákàtí kẹjọ tí ọmọ náà fi sílẹ̀. Ó jẹ́ 14. Wàyí o, ìwé wa pé: 25, 18, 14, 12. Ẹ jẹ́ kí a wo iye tí ó ń lọ ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ní àkọ́kọ́, 7 lọ. Lẹ́yìn náà, 4 lọ. Ní ìkẹyìn, 2 péré ni ó lọ.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Omi tí ó wà nítòsí èèpo hóró àgbàdo ni ó kọ́kọ́ ń lọ, ó sì ń yára. Èyí tí ó wà ní inú lọ́hùn-ún ní láti rìn wá sí ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ tó lè gbé e, bí hóró sì ti ń gbẹ sí i ni ìrìn náà ń nira sí i. Nítorí náà, bí a bá ya ọ̀nà tí omi gbà lọ sórí ìwé, kò ní rí bí ọ̀pá gbọọrọ. Yóò rí bí okùn tí a ń sá aṣọ sí, èyí tí ó rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín òpó méjì. Rúlà tí a bá gbé lé orí òpó méjèèjì yóò wà lókè okùn náà ní gbogbo ibi tí ó wà láàárín wọn.

Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn: ìlà tààrà kì í kàn ṣìnà bákan ṣáá; apá ibi tí ó ń ṣìnà sí ṣeé mọ̀. Bí ohun tí à ń wọ̀n bá rọ̀ sísàlẹ̀ bí okùn, rúlà yóò máa sọ iye tí ó ju òtítọ́ lọ. Bí ó bá yọ sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá, rúlà yóò máa sọ iye tí kò tó òtítọ́.

Ohun tí ó sì dùn mí jùlọ ni pé ẹ̀rí wà lójú ìwé ní ọjọ́ tí mo ṣe àṣìṣe yẹn. Láti 25 sí 18, 7 lọ ní wákàtí mẹ́rin. Láti 18 sí 12, 6 ni ó lọ ní wákàtí mẹ́jọ. Ó hàn gbangba pé ìrìn omi ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà nìkan ni mo wò. N kò bi ìkẹta léèrè.

BÍ A ṢE Ń TẸ ÌLÀ

Ìwọ̀n méjì kò lè fún wa ju ìlà tààrà lọ. Bí a bá fi ìkẹta kún un, ìlà náà lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi ìkẹrin kún un, ó lè tẹ̀ lọ́nà méjì. Àwọn ìlà títẹ̀ wọ̀nyí, tí a ń fi àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ nìkan ṣírò, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní polynomial. Ẹ kò nílò láti mọ orúkọ náà kí ẹ tó lò ó. Ìlànà méjì ni a ó fi hàn yín, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì lè ṣírò owó ọjà lè ṣe méjèèjì.

Ìlànà kìn-ín-ní wà fún ẹni tí ó ní ìwọ̀n mẹ́rin, tí àkókò àárín wọn dọ́gba, tí ó sì fẹ́ mọ ohun tí ó wà ní agbedeméjì ìkejì àti ìkẹta. Ẹ ro ìwọ̀n méjì ti àárín pọ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹ ro méjì ti ẹ̀gbẹ́ pọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wá pín èyí tí ó kù sí 16.

Ẹ jẹ́ kí a fi wákàtí kẹfà dán an wò. Méjì ti àárín ni 18 àti 14. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 32, ìlọ́po mẹ́sàn-án rẹ̀ sì jẹ́ 288. Méjì ti ẹ̀gbẹ́ ni 25 àti 12. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 37. Bí a bá yọ 37 kúrò nínú 288, ó ku 251. Bí a bá pín 251 sí 16, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15.7. Rúlà ì bá sọ pé 16.

Ìlànà kejì wà fún ìgbà tí a kò ní ju ìwọ̀n mẹ́ta lọ, bí ó ti máa ń rí ní ìparí iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá agbedeméjì bí rúlà ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìrìn méjèèjì, kí ẹ pín in sí 8. Bí ọ̀nà náà bá rọ̀ bí okùn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá yọ sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá, ẹ fi kún un. Fún wákàtí kẹwàá: agbedeméjì 14 àti 12 jẹ́ 13. Ìrìn tí ó ṣáájú jẹ́ 4, èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ 2. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2, ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ sì jẹ́ 0.25. 13 dín 0.25 jẹ́ 12.75. Ní wákàtí kẹwàá tí rúlà ń sọ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé 13, a ti kọjá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ náà lè lo ìlànà yìí. Ká ní ooru ilé adìyẹ yín jẹ́ 30 ní aago mọ́kànlá, 34 ní aago méjì, 33 ní aago márùn-ún. Ìrìn àkọ́kọ́ gòkè 4, ìkejì sọ̀ kalẹ̀ 1. Nítorí pé ọ̀kan gòkè tí èkejì sọ̀, a ó rò wọ́n pọ̀ di 5. Ìdá kan nínú mẹ́jọ 5 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.6. Agbedeméjì 34 àti 33 jẹ́ 33.5, bí a bá fi 0.6 kún un, ó jẹ́ 34.1 ní aago mẹ́ta àbọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: 34.1 ga ju gbogbo ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ. Rúlà kò lè sọ èyí fún yín láéláé, nítorí pé láàárín ìwọ̀n méjì, rúlà kì í sọ ohun tí ó ju èyí tí ó tóbi jù nínú wọn lọ. Òótọ́ sì ni pé ooru tí ń pa adìyẹ kì í sábà dúró de ìgbà tí a bá wá wò ó.

ỌGBỌ́N ÀTIJỌ́ NÍNÚ Ẹ̀RỌ ÒDE ÒNÍ

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 665, Brahmagupta ará Íńdíà ti ń fi ìyàtọ̀ àárín ìrìn méjì ṣírò ohun tí kò sí nínú tábìlì ìṣirò rẹ̀. Nínú ìwé ńlá tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1687, ó fi hàn bí a ṣe lè fa ìlà títẹ̀ gba orí iye ìwọ̀n tí a bá ní, kí a lè mọ ibi tí ìràwọ̀ onírù wà ní òru tí a kò rí i. Ní ọdún 1795, Joseph-Louis Lagrange gbé ìlànà kan jáde tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń lò di òní.

Lónìí, ọgbọ́n yìí wà nínú àpò yín. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lásán, ẹ̀rọ kì í gbé ohùn yín lọ ní odindi. Ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó ń wọ̀n ọ́n, bí ọmọ wa ti ń wọn àgbàdo. Orin orí CD jẹ́ ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ń gbọ́ orin náà kò gbọ́ àlàfo, nítorí pé ẹ̀rọ dí àárín àwọn ìwọ̀n náà kí ohùn tó jáde. Bí ẹ bá sì fa àwòrán kan tóbi lójú fóònù, àwọ̀ tí ẹ ń rí láàárín àmì kan àti èkejì kò sí nínú àwòrán náà rí. Ẹ̀rọ ni ó fi ìṣirò àárín dá a, ó sì máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àmì tí ó wà nítòsí, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún wákàtí kẹfà.

IBI MẸ́RIN TÍ ÌṢIRÒ ÀÁRÍN TI LÈ ṢINI LỌ́NÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlà títẹ̀ kò lè ṣìnà. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó fi ń tanni jẹ, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n.

Èkíní, ẹ má ṣe gbé e kọjá ìwọ̀n tí ó gbẹ̀yìn. Ìlà tí ó gba orí 18, 14 àti 12 dára láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní wákàtí ogún, yóò dáhùn pé 14. Èyí ni pé àgbàdo tí ó wà lórí iná tún ń fa omi! Èyí tí ó gba orí ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọ́n jù ú lọ: ní wákàtí kejìlélọ́gbọ̀n, yóò sọ pé omi inú àgbàdo ti dín sí òdo pẹ̀lú 3. Ìṣirò àárín kò mọ ohun tí ń jẹ́ àgbàdo. Láàárín ìwọ̀n ni agbára rẹ̀ mọ.

Èkejì, ẹ má ṣe kó ìwọ̀n púpọ̀ lé orí ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ní ogún ìwọ̀n lè rò pé bí òun bá fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìlà kan, yóò pé jù. Ní ọdún 1901, Carl Runge ará Jámánì fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ìwọ̀n tí àkókò àárín wọn dọ́gba ti ń pọ̀ sí i lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, ìlà náà lè máa fò sókè sódò ní ìhà ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìhà ìparí, bí ẹṣin tí ìjánu já lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́rin tí ó súnmọ́ àlàfo náà jùlọ tó.

Ẹ̀kẹta, ìṣirò kò lè dá ohun tí a kò wọ̀n rárá padà. Ẹni tí ń wọn ooru àká rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́ yóò rí iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ọ̀kan náà, yóò sì rò pé ooru ibẹ̀ kì í yí padà. Kò sì mọ̀ pé lójoojúmọ́ ni ó ń gbóná lọ́sàn-án tí ó sì ń tutù lóru. Kò sí ìlà títẹ̀ tí ó lè gbà á lọ́wọ́ àṣìṣe yìí. Claude Shannon ará Amẹ́ríkà kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1949: ohun tí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀, a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ju ìgbà méjì lọ nínú àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò farahàn wá bí ohun mìíràn. Ooru ojúmọ́ ń lọ ó sì ń bọ̀ ní wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹni tí kò wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kò tíì wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kẹrin, ìlà títẹ̀ kì í dárí ji ìwọ̀n tí ó ní àṣìṣe. Ká ní ọmọ náà ti ka 17 dípò 14 ní wákàtí kẹjọ. Ìlà náà yóò gba orí 17 láìjanpata. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ìrìn rẹ̀ sílẹ̀, a ó rí 7, 1, 5 dípò 7, 4, 2. Omi tí ń fi àgbàdo sílẹ̀ lórí iná tí kò yí padà kì í falẹ̀ kí ó tún sáré. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ kọ ìrìn sílẹ̀ kí ẹ wò ó. Bí ó bá ń ta kọsẹ̀, ẹ tún ìwọ̀n náà wọ̀n.

KÍ NI RÚLÀ SỌ, KÍ NI ÌLÀ TÍTẸ̀ SỌ?

Nígbà tí mo padà sílé, mo tún ìṣirò ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n mẹ́ta tí ọmọ náà kọ: 25, 18 àti 12. Ìlà títẹ̀ sọ pé ní wákàtí mẹ́sàn-án géérégé ni àgbàdo dé 13. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi 14 ti wákàtí kẹjọ kún un, ìdáhùn náà di wákàtí mẹ́sàn-án àti nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ní wákàtí mẹ́sàn-án, omi ṣì ju 13 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Rúlà pẹ́ jù ní wákàtí kan. Ìlà títẹ̀ tí kò ní ìwọ̀n tó yá jù ní ogójì ìṣẹ́jú. Èwo ni ó burú jù nínú méjèèjì? Èyí tí ó pẹ́ jù ń jẹ àpò wa. Èyí tí ó yá jù lè jẹ́ kí àgbàdo bu nínú àpò, àgbàdo tí ó bu sì lè ní májèlé tí a ń pè ní aflatoxin, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ti adìyẹ jẹ́, tí sísè kò sì lè mú kúrò tán. Owó tí ó sọnù ṣeé wá. Ẹni tí ó jẹ májèlé kì í tètè mọ̀.

Nítorí náà, mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà lo ìṣirò yìí padà. N kì í sọ fún àgbẹ̀ mọ́ pé, "Ẹ yọ igi ní wákàtí báyìí." Ohun tí mo ń sọ ni pé, "Ẹ dìde kí ẹ mú mítà ní wákàtí báyìí." Ìṣirò àárín kò lè gba ipò mítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ìgbà tí ó yẹ kí mítà wà lọ́wọ́ wa, kí a má bàa fi oru ṣọ́ ohun tí kò tíì tó àkókò, kí a má sì sùn ní wákàtí tí ó ṣe pàtàkì jù.

ÌMỌ̀RÀN WA FÚN YÍN

1. Ẹ wọn àgbàdo ní àkókò tí ó dọ́gba, kí ẹ sì kọ aago sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n. Ìwọ̀n tí kò ní aago kò wúlò fún ìṣirò.

2. Ẹ bu àgbàdo láti ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹ̀rọ, lókè, ní àárín àti nísàlẹ̀, kí ẹ pò ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kí ẹ tó fi mítà wọ̀n ọ́n, nítorí pé ooru lè yí ohun tí mítà sọ padà.

3. Ẹ kọ ìrìn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n. Bí ó bá ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dára. Bí ó bá ń ta kọsẹ̀, ẹ tún un wọ̀n.

4. Ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́nà méjèèjì, ti rúlà àti ti ìlà títẹ̀. Bí ìdáhùn méjèèjì bá súnmọ́ ara wọn, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra, àmì ni pé ìwọ̀n yín kò tó.

5. Ẹ dìde ní èyí tí ó bá yá jù nínú ìdáhùn méjèèjì, kí ẹ sì máa wọn àgbàdo ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí yóò fi dé 13.

6. Bí igi bá yí padà, tàbí tí òjò dé, tàbí tí àgbàdo tí ó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ wọlé, ẹ má ṣe gbára lé ìwé àná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n tuntun.

Àwọn àgbẹ̀ tí mo sọ̀rọ̀ wọn yìí ti pa ohun tí mo kọ sára ògiri wọn rẹ́. Ìyá tí ń tọ́jú ìwé ni ó fi ẹfun kọ tuntun síbẹ̀ pé: "Wákàtí kẹsàn-án, ẹ jí." Ó sì ra agogo kan fún ọmọ tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ìkórè tí ó tẹ̀lé e parí, ó tún ránṣẹ́ pè mí. Ó ti ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ bí ti ìṣáájú. Ó fi ìka sí ìlà tí ó gbẹ̀yìn, kò sì sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ó pé."

Kí ọkọ́ má ṣe sá wa lẹ́sẹ̀ o. Kí ohun tí a gbìn lè pé lórí òṣùwọ̀n.